Ìwé Ẹni-Ẹlẹ́ni

"Kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa ṣe bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ lu nǹkan ẹlòmíràn?"

"Á dúró."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á wo ara ẹni tó kọ lù kó tó wo ara ọkọ̀ tirẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú ìdarí yẹn o. Ta ni ìwé adójútòfò tó kéré jù lọ wà fún?"

Mùráínà dá ọwọ́ òsì rẹ̀ padà sórí ìdarí, ó sì yọ ṣùtì ètè bí ọmọ iléèwé. "Àwẹ̀ró, o ti bi mí ní èyí kí a tó kúrò nílé."

"Mo ti bi yín, ẹ sì gbà á sódì. Ẹ dáhùn."

Bọ́ọ̀sì wọn ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ìgbájọ, wọ́n ń lọ sí Ìkìrun. Àwọn ọkọ̀ adárìn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́ bí agbo àgùntàn tó mọ ọ̀nà odò, láìsí ẹnikẹ́ni níwájú tó di nǹkankan mú. Obìnrin kan ń di irun ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀kan. Bàbá kan ti sun oorun àsùnhanrun nínú òmíràn. Ọmọ náà rí bọ́ọ̀sì Mùráínà tí wọ́n kọ "Sùúrù Lérè" sí iwájú rẹ̀, ó fò sókè, ó ń nàka sí i bí ẹni rí erin. Mùráínà fọn fèrè fún un. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn afọwọ́wakọ̀ ò pọ̀ mọ́ ní gbogbo Ìgbájọ, bí wọ́n bá sì jókòó, òun ni àgbà wọn.

"Ó wà fún èmi tí mo rà á," ó dáhùn.

"Háà, Bàbá Wúrà! Ẹni-ẹlẹ́ni! Ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe, nǹkan tí ẹ bá bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ọkọ̀ yín. Ìwé ńlá ló ń bójú tó ọkọ̀ ẹni. Èyí tí ẹ rà, ti ẹni-ẹlẹ́ni ni."

"Kí ló dé tí mo wá ń ra nǹkan tí kì í ṣe tèmi?"

"Ohun tí ẹ sọ fún Olùgbọ́ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, tó fi lé yín padà sílé."

Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, Mùráínà ti jókòó síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Olùgbọ́, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ pé bí bọ́ọ̀sì òun bá jóná, ìwé òun á ra òmíràn fún òun. Olùgbọ́ dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ẹ lọ tún un gbọ́ wá." Gbogbo èrò tó wà ní Ilé Àlàyé, níbi tí awakọ̀ ti ń ṣàlàyé ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún, ló gbọ́.

"Nígbà ayé bàbá mi," ó ní, "èèyàn á ra ìwé adójútòfò, á ká a, á tì í sábẹ́ ìjókòó, ó tán. Ọlọ́pàá nìkan ló ń kà á."

"Àbí ẹ ò rí i? Ọlọ́pàá ló ń kà á. Ẹni tí wọ́n gbá lójú títì ò mọ̀ pé nǹkan kan wà fún òun nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin nìyẹn, pé ìwé tí awakọ̀ ò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, kì í ṣe ìwé." Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí àwo róbótó tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. "Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n."

Àwo náà máa ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ nígbà tí ìwé bá wà láàyè. Láti àná ló ti ń dà bí ewé tó fẹ́ já. Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí tí Mùráínà kò tíì ṣàlàyé, á di pupa, bọ́ọ̀sì ò sì ní ṣí mọ́.

"Ẹ tún un sọ. Ta ni ó wà fún?"

"Ẹni-ẹlẹ́ni," ni Mùráínà wí, ó ń fi ohùn ṣe bíi ti ẹ̀rọ. "Ẹ-ni-ẹ-lẹ́-ni. Ìyàwó mi, ó ti yé mi."

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Mùráínà yíjú láti wò ó, nítorí bí obìnrin náà bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ máa ń padà di ti ọmọge. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ kọ́nà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìdí rẹ̀ yọ díẹ̀ sójú ọ̀dà.

"Bàbá Wúrà!"

Ó tẹ bíréèkì, ó fa ìdarí sí òsì. Etí bọ́ọ̀sì ha ìdí kẹ̀kẹ́ náà gàrà, nǹkan kan sì já lulẹ̀ gbì, nǹkan mìíràn tún já tẹ̀ lé e.

Ó dúró. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kó lè jáde lọ wo ẹni tó kọ lù, bí ìwé ṣe wí. Obìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àwọ̀n funfun bo orí àti èjìká rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má jáde! Ẹ ti fèrèsé yín! Oyin ni! Oyin ni!"

Wọ́n yára ti fèrèsé. Kí wọ́n tó mí, oyin ti bo gíláàsì. Wọ́n ń kùn yùnyùn, wọ́n ń rìn lórí gíláàsì níwájú imú Mùráínà gan-an. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó pariwo, "Ṣé o fara pa?"

Obìnrin náà mi orí pé rárá. Ó ti mú ife èéfín kan, ó ń fẹ́ ẹ sí ọ̀tún àti òsì, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Tọkọtaya náà jókòó sínú ooru, òógùn ń ṣàn lára wọn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, kíkùn náà rọlẹ̀. Obìnrin náà wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì ṣí àwọ̀n ojú rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, ojú rẹ̀ sì tutù ju bí Mùráínà ṣe rò lọ.

"Ẹ jáde báyìí, bàbá. Ẹ kú ewu. Ìyá, ẹ kú ewu."

"Ìwọ ni a ní láti kí, ọmọ mi," ni Mùráínà wí. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Abọ́sẹ̀dé."

Mùráínà wo ilẹ̀. Ilé oyin méjì ló ti fọ́. Oyin ń ṣàn lórí ọ̀dà, ó ń dán nínú oòrùn, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ṣe é sì ń rì sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ti wọ́. Lára bọ́ọ̀sì, ibi tó ha ò ju ìka ọwọ́ lọ.

"Níbo lò ń kó wọn lọ?"

"Oko ọsàn ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ti tanná, oyin ìgbẹ́ ò sì sí mọ́ tó máa bà lé wọn. Èmi ni mo máa ń kó tèmi lọ fún wọn." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Tọdún yìí á kéré díẹ̀ ni."

"Ẹ̀bi mi ni," ni Mùráínà fẹ́ sọ, àmọ́ ó rántí pé ìwé ní kí awakọ̀ má dá ẹjọ́ lójú ọ̀nà. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wọ́ náà.

Abọ́sẹ̀dé rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. "Bàbá, ẹ má dààmú. Èmi náà ni mo jẹ́ kí ìdí kẹ̀kẹ́ yọ. Ẹ máa lọ. Mi ò tiẹ̀ ní ìwé kankan. Kẹ̀kẹ́ tí ò yá ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ, òfin ò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ò níwèé, kí ló fẹ́ gbà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Oníwèé ló ń gba nǹkan oníwèé." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú afárá oyin kan tí kò kan ilẹ̀, ó wé e sínú ewé, ó sì nà án sí Àwẹ̀ró. "Ìyá, ẹ gbà, ẹ fi pa ẹnu dà. Inú mi dùn pé ẹ dúró. Ẹlòmíràn ì bá ti sá."

Àwẹ̀ró gbà á, wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ó wo ọkọ rẹ̀. Mùráínà ran obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi. Ó gbé àwọn ilé oyin tí kò fọ́ sórí rẹ̀ padà, ó kí i títí, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì wà á lọ.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Mùráínà rántí ohun tó rí lókè níbẹ̀. Igi bo òpó olójú tó yẹ kó máa ṣọ́ kọ́nà yẹn. Ká ní ọkọ̀ adárìn ló ṣe é ni, ọkọ̀ náà ì bá ti fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn kí oyin tó bà sílẹ̀. Àmọ́ "Sùúrù Lérè" kò lójú, kò létí. Òfin fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: ọkọ̀ tí kò lójú, ẹnu awakọ̀ ni ojú rẹ̀.

Bí ẹnu yẹn bá sì sọ ọ́, Mùráínà mọ ohun tó kàn. Wọ́n á de ọwọ́ ìjọba mọ́ ìdarí bọ́ọ̀sì rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wa ọkọ̀ dípò awakọ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọyẹ́ á fi tán, tí wọ́n á tún dán an wò. Bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Òkè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo afọwọ́wakọ̀ agbègbè náà máa ń kó jọ, tí wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn gun òkè lọ sí Òkèmẹ̀sí, tí àwọn ọmọdé á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ọdún yìí ni wọ́n ní kó ṣíwájú. Àgbà tó ń ṣíwájú tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, Mùráínà sì ti kun bọ́ọ̀sì nítorí ẹ̀.

"Obìnrin yẹn ló ní kí a máa lọ," ó sọ nígbà tó yá.

"Mo gbọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

"Inú ẹ̀ dùn. Ó fún wa ní oyin."

"Mo rí i. Ọwọ́ mi ló wà." Ó gbé ewé náà kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣí i. Lẹ́yìn náà ló tún ohùn rẹ̀ ṣe bí olùkọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa bá àkọ́sórí wa lọ. Ta ni ìwé tó kéré jù lọ wà fún?"

Mùráínà fi ọwọ́ méjèèjì mú ìdarí, ó ń wo ojú ọ̀nà. Àwẹ̀ró kò sì tún un bi.

Ilé Àlàyé kún ní Ìkìrun lọ́jọ́ náà. Èrò jókòó lórí bẹ́ńṣì, oníkálukú ń ka ìwé rẹ̀ sókè bíi ti ilé kéú. Nínú yàrá àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ń bá Olùgbọ́ jiyàn pé kí ló kan adójútòfò bí òun bá gbé èrò sínú ọkọ̀ tí òun fi orúkọ ẹrù forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwé ẹrù ò mọ èèyàn, ẹ̀gbọ́n," ni Olùgbọ́ ń tún un sọ fún un. "Bí èrò inú rẹ̀ bá fara pa, ìwé á bi yín pé, ta lẹ gbé?" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mùráínà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dé inú.

Wọ́n pè é. Yàrá náà kéré, ìjókòó kan ló wà níbẹ̀, àti ẹnu ẹ̀rọ kan lára ògiri. Ohùn Olùgbọ́ dà bí ti obìnrin àdúgbò kan tó ti jẹun yó.

"Bàbá Mùráínà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin la tún rí lọ́dún yìí. Kí ló gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ wa?"

"Orúkọ mi, nọ́ńbà ọkọ̀ mi, iṣẹ́ tí mò ń fi ọkọ̀ ṣe, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó kú. Bí ọ̀kan bá yí padà nínú wọn, kí n wá sọ."

"Ó dára púpọ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró?"

"Ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, ìwé adójútòfò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà láàyè."

"Ẹ ti gbọ́ ọ wá lóòótọ́. Ta ni ìwé yìí wà fún?"

Ìdáhùn náà wà létí ahọ́n rẹ̀. Ó lanu láti sọ ọ́. Ojú obìnrin tó na afárá oyin sí ìyàwó rẹ̀ ló sì wá sí i lọ́kàn.

"Abọ́sẹ̀dé," ó ní.

Olùgbọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Mi ò rí Abọ́sẹ̀dé nínú ìwé yín, bàbá."

"O ò lè rí i. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí di àárọ̀ yìí. Mo ti ń ra ìwé yìí láti ìgbà èwe mi, mo sì ń bínú pé mò ń ra nǹkan tí kì í ṣe tèmi. Òun ni mò ń rà á fún. Kò mọ̀. Ó ní kí n máa lọ nítorí kò mọ̀. Bí mo bá gbà fún un, nǹkan rẹ̀ ni mo kó sápò lọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ jábọ̀ ìjàǹbá ni?"

"Mo fẹ́ jábọ̀."

"Ẹ mọ ohun tó kan afọwọ́wakọ̀ tó bá jábọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Olùgbọ́ bi í léèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nǹkan tó bàjẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni fara pa, bóyá ó ṣèlérí ohunkóhun fún obìnrin náà.

"Mi ò ṣèlérí. Iṣẹ́ ìwé nìyẹn. Àmọ́ ó yẹ kí n fún un ní nọ́ńbà ìwé mi, mi ò fún un. Ìyẹn dùn mí."

"A ó fi ránṣẹ́ sí i báyìí. Ìbéèrè kan ló kù, bàbá. Nígbà tí ẹ wọ kọ́nà, kí lẹ̀ ń wò?"

Ojú ti Mùráínà. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ìyàwó mi."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Mo ti kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́," ni Olùgbọ́ wí. "Àlàyé yín pé, bàbá. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó pé tó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀."

Nígbà tó jáde, Àwẹ̀ró dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó wo àwo tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ìlà funfun kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá, àmì ọwọ́ ìjọba. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì dì í mú títí wọ́n fi dé ìdí bọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ atọ́kọ̀ṣe Ilé Àlàyé ti wà níbẹ̀, ó ń de irin mọ́ ìdarí. Ó ń bẹ Mùráínà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. "Kò ní ha á, bàbá. Mo fi aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì yín dáa gan-an, mi ò rí irú ẹ̀ rí." Mùráínà sì rí i pé òun ń fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ń fi ibi tó le nínú ìdarí hàn án, ó ń sọ ìtàn bọ́ọ̀sì fún un bí ẹni ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́.

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí fóònù Àwẹ̀ró dún. Abọ́sẹ̀dé ni, ohùn rẹ̀ ga. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún bàbá. Bàbá! Àwọn kan dé ibí, wọ́n ní àwọn wá tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe, ilé oyin tuntun ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní ìwé yín ló rán àwọn. Mo ní rárá, mi ò níwèé!"

"O níwèé," ni Mùráínà wí. "Èmi ló ń bá ọ gbé e kiri. Sọ fún wọn ládùúgbò yín pé kò rí bí wọ́n ṣe ń wí. Àwọn oyin tó fò lọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti so mọ́ igi gúáfà kan níbí, wọ́n wà pẹ̀lú ìyá wọn. Mo máa kó wọn nírọ̀lẹ́. Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun."

Bọ́ọ̀sì gbéra fúnra rẹ̀. Mùráínà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ó kó wọn sí itan, ó kó wọn sí àyà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.

"Ta ló máa wá ṣíwájú l'Ọ́jọ́ Òkè?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

"Láṣísì."

"Láṣísì tó máa ń wa ọkọ̀ bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Òun náà ni. Ká bẹ Ọlọ́run fún àwọn tó máa tẹ̀ lé e."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, Mùráínà sì wo ìyàwó rẹ̀ dáadáa títí tó fi rẹ́rìn-ín tán. Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Àwẹ̀ró ṣí ewé, wọ́n pín afárá oyin náà, wọ́n ń lá ìka. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, nǹkan funfun kan yọ lápá òsì, láàárín àpáta méjì, ó gùn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Omi ni. Ó ń já bọ́ láti òkè, ìrì rẹ̀ ń gbé oòrùn ìrọ̀lẹ́ kiri. Mùráínà dìde díẹ̀ lórí ìjókòó.

"Àwẹ̀ró. Láti ìgbà wo ni omi ti wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń gbé mi kọjá níbẹ̀ kí n tó bí Wúrà."

Ó fẹ̀yìn tì. Ó ń wo omi náà títí òkè fi bò ó, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bọ́ bàtà.

"Bí a bá tún dé ibòmíràn tó dáa," ó ní, "sọ fún mi."

"Ẹ wo ọ̀tún," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó wo ọ̀tún.